Orílẹ̀-Èdè Souradjou Wọ Ẹgbẹ́

Ẹ bá mi kí Souradjou ará Kika, àgbà tí fìlà rẹ̀ ga ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ! Ẹkùn Ọ̀nà-Àbùjá! Akọni tí í fi ọ̀pá oparun dá aboyún dúró! Bí ẹ bá pè é ní tonton, bí a ti ń pe àgbà gbogbo, kò ní dáhùn. Excellence ni kí ẹ wí.

Ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà kó kajú lọ sọ́jà ló la oko rẹ̀ kọjá, nítòsí ààlà Nàìjíríà. Ó fi oparun dí i. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó bu abọ́ kajú kan sílẹ̀. Nígbà tí baálẹ̀ bá a wí, ó fèsì pé ilẹ̀ òun kì í ṣe ti Bénin, kì í sì í ṣe ti Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè ni!

Tawakalitou ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Opó ni, kajú yìí nìkan ló fi ń rán ọmọ nílé ìwé, Excellence sì ń bù ú lọ́jọọjọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ni rédíò bá ń ròyìn àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tọrọ àyè láti wọ irú ẹgbẹ́ bíi CEDEAO tiwa, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS. Souradjou fò sókè. Ó ya ìró ìyàwó rẹ̀ ṣe àsíá, ó sì pe gbogbo Kika jọ síbi oparun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

“Láti òní, mo ti wọ CEDEAO! Màá kó iṣu mi dé Ìbàdàn, douanier ẹnubodè kankan ò ní dá mi dúró. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra! Èèyàn àti ẹrù, ọ̀fẹ́ ni!”

“Excellence,” Tawakalitou ní, “èèyàn àti ẹrù?”

“Èèyàn àti ẹrù!”

“Bénin náà wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún?”

“Mais oui! Àgbà ẹgbẹ́ ni!”

“Ẹ sọ ọ́ sókè, káwọn ará ẹ̀yìn gbọ́.”

Ó sọ ọ́ sókè. Ó tiẹ̀ juwọ́.

Tawakalitou bá gbé àpò rẹ̀ karí, ó ti oparun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá. Karimath, tí òun náà ru kajú, tẹ̀ lé e. Àwọn zémidjan, ọlọ́kadà wa, tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń fun fèrè. Yacoub darandaran náà dé, ó ní, “Èmi rèé, ẹrù mi rèé,” ó sì da màlúù wọlé. Ewé iṣu Excellence ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́ wò. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sílẹ̀.

“Ẹ dúró! Mo ti jáde! Mo jáde nínú ẹgbẹ́!”

Tawakalitou yíjú padà. “Ó dáa, tonton. Níbo lẹ wá ń padà sí?”

“Bénin! Ọmọ Bénin ni mí! Ilẹ̀ Bénin ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi!”

“Ẹ káàbọ̀ o. Bénin ti wà nínú ẹgbẹ́ tipẹ́.”

Baálẹ̀ ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó ti ń wá lẹ́nu ọkùnrin yìí láti ọjọ́ yìí nìyẹn: bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti Bénin, àṣẹ baálẹ̀ ká a. Ó fa oparun náà tu, ó sì gbé e fún ìyàwó Souradjou kó fi dáná.