Ọgọ́rùn-ún Lórí Mọ́nítọ̀ Ọgọ́ta

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tójú ń wá lojú ń rí? Ẹ ò mọ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé òwe náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Inú pálọ̀ mi ní Ìkìrun ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣojú mi kòrókòró.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Mò ń fẹ́ Adérera, ọmọ Bàbá Àṣípa. Nígbà tí wọ́n fi bàbá yìí joyè, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, kò rí nǹkan kan nínú ayẹyẹ náà. Ìgbà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un tó ríran, mo ní kó wá wo fídíò ìwúyè rẹ̀ nílé mi. Bí inú rẹ̀ bá dùn, wọn á dá ọjọ́ ìtọrọ fún mi.

Ọjọ́ pé, Bàbá àtàwọn ọmọ rẹ̀ dé. Mo ti fèrèsé, mo fa kọ́tìnì, mo pa iná, kí àwòrán lè hàn dáadáa lójú mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà mi. Bàbá rí ara rẹ̀ lórí ẹṣin, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi nìyẹn? Mo mà dára o!"

Ni Ọláníhún bá dìde. Ẹ̀gbọ́n Adérera ni, ó ní òun gbọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ẹṣin yẹn ò sáré dáadáa," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mọ́nítọ̀ yìí ń ya àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan?"

"Ọgọ́ta ìgbà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ọgọ́ta péré? Fún bàbá wa?"

Ta ló ń bá àna jà kí wọ́n tó fún un níyàwó? Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn." Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń yí iye náà padà. Ó gbé e sí márùndínlọ́gọ́rin. Ẹṣin ń sáré geere, Bàbá pàtẹ́wọ́, mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Ó gbé e sí àádọ́rùn-ún. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, fìlà Bàbá di mẹ́ta lórí kan ṣoṣo. Mo tún ní, "Ẹ ṣeun." Ẹnu mi yìí ò sunwọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yẹn láàánú ju èèyàn lọ. Bí ẹ bá yí i padà, á béèrè bóyá kó wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọláníhún gbé e sí ọgọ́rùn-ún. Ojú mọ́nítọ̀ ṣú dùdù, yàrá ṣú dùdù.

"Ẹ má tẹ nǹkan kan!" ni mo pariwo. Ó ti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" nínú òkùnkùn.

Ni Bàbá bá figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Ojú mi ti tún lọ!"

"Bàbá, mọ́nítọ̀ ni!" Ta ló gbọ́? Kí n tó táràrà dé ibi tí wọ́n ti ń tan iná, wọ́n ti gbé Bàbá jáde. Adérera fi ìborùn di ojú rẹ̀ kí oòrùn má baà bà á jẹ́ sí i. Báwo ló ṣe máa wá ríran?

Dókítà ojú kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, ló tú ìborùn náà ní ọsibítù. Bàbá wò yíká. "Dókítà ti là mí lójú!" Ọkùnrin tó kàn tú ìborùn! Wọ́n béèrè ẹni tó fi mọ́nítọ̀ ba ojú Bàbá jẹ́. Ọláníhún wò mí. Àna ni. Mo ní èmi ni.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n fi Adérera fún dókítà náà. Ẹ mọ ẹni tó ya fídíò ìgbéyàwó náà? Èmi ni. Ọláníhún wá bá mi nídìí kámẹ́rà, ó fọwọ́ gbá mi léjìká.

"Àbúrò, má bínú. Ohun tójú ń wá lojú ń rí."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

Inú ṣì ń bí mi dòní. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló pa. Ṣebí Adérera ni ojú mi ń wá? Mò ń rí i. Ó wà lórí mọ́nítọ̀ mi nínú aṣọ ìyàwó, ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí mo ṣe ń to fídíò náà fún ọkọ rẹ̀. Ohun tójú ń wá lojú ń rí.