Wọ́n Fẹ́ Gbé Mi Lọ Sínú Nǹkan

Ọ̀sán gangan ni Ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó fi páálí há abíyá òsì, ó fi aṣọ kóòtù olówó ńlá há tọ̀tún. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n, kì í sì í fi àlùmọ́gàjí ṣeré, torí aṣọ tá a bá ti gé ò ṣeé dá padà fún ẹni tó tà á.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi rán kóòtù pẹ̀lú ṣòkòtò. Ipò mi fẹ́ yí padà."

"Áà, a dúpẹ́ o! Ipò wo ni wọ́n gbé ẹ sí?"

"Ọ̀gá wa pè mí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán bíi dígí bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ń wo bí àwọn ṣe máa gbé mi lọ sínú nǹkan mìíràn, níbòmíràn, tó bá ṣe díẹ̀."

Àlùmọ́gàjí dúró lókè aṣọ.

"Sínú kí ni?"

"Nǹkan."

"Níbo?"

"Ibòmíràn. Bí Gẹ̀ẹ́sì gidi ṣe ń rìn nìyẹn, àǹtí mi. Tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ fẹ́ ṣe nǹkan, ẹ kì í dárúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Nǹkan là ń wò, ibì kan là ń lọ, a sì ń ṣe é dé ìwọ̀n kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ́ tìmùtìmù sí nísàlẹ̀, tó bá já bọ́, kì í dún."

"Ohun tó já bọ́ náà ni mò ń béèrè."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ẹ dà?"

"Wọ́n gbà á. Ọ́fíìsì tuntun, kọ́kọ́rọ́ tuntun."

"Páálí yìí ńkọ́?"

"Ife tíì mi ni, fọ́tò àwọn ọmọ, àti sálúbàtà tí mò ń wọ̀ lábẹ́ tábìlì. Àwọn fúnra wọn ló bá mi kó o, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n tiẹ̀ sìn mí dé géètì!"

"Ta ló ṣí géètì fún yín?"

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ ò rántí bàbá tó ń ṣọ́ géètì? Èmi ni mo bá ọ̀gá to Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi lé bàbá náà. Mo ní ká sọ fún wọn pé a ń wo bí a ṣe..."



"Parí ẹ̀."

"Bí a ṣe máa gbé wọn lọ sínú nǹkan mìíràn."

"Bàbá wá ṣe báwo?"

"Wọ́n ṣì ń wá láràárọ̀. Wọ́n á jókòó sórí òkúta níwájú ilé iṣẹ́, wọ́n á máa retí nǹkan náà. Òjò pa wọ́n níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn ò dìde. Àwa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé."

Ẹ̀gbọ́n gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Àánú àbúrò rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n àánú bàbá yẹn ló ṣe é jù.

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí," Ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì ń ráhùn.

"Tó bá dé inú ẹ̀ a di odidi. Tìẹ ò tíì dé inú, etí ló ṣì wà. Wọ́n ti lé ẹ, àbúrò mi."

"Àǹtí mi, ẹ má sọ ọ́ báyẹn!"

"Ṣebí ó yọ lẹ́nu ẹ wẹ́rẹ́ nígbà tó jẹ́ ti bàbá oníbodè? Ìyàwó ẹ ń dúró dè ẹ́ nílé. Sọ ọ́ níbí, kó lè mọ́ ẹ lẹ́nu."

Ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì gbé páálí sílẹ̀, ó tún un gbé. Òógùn bò ó.

"Wọ́n lé..."

"Wọ́n lé ta?"

"Ẹnì kan."

"Níbo?"

"Níbì kan."

Ẹ̀gbọ́n ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e lé páálí lórí.

"Ó dáa, máa lọ. Ìyàwó ẹ á bá onítọ̀hún kẹ́dùn, á wá ní kó o tètè lọ sùn, torí iṣẹ́ ọ̀la."