Àgbò Tí Mo Fi Dá Wàsíù Dúró

Ọjọ́ Iléyá kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láyéláyé. Lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò wa n'Ìwó ń sun orí àgbò, èéfín ń rú láti agbolé dé agbolé, èmi baálé ilé wá jókòó sórí àpótí, mò ń tu ìyẹ́ àkùkọ. Ẹ má rò pé mi ò ní àgbò o. Mo ní àgbò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àgbò ṣe di àkùkọ, kó fara balẹ̀ gbọ́.

Wáyà iná àti gílóòbù ni mò ń tà nítòsí ọjà. Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi ni kóòṣì ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa. Kò sẹ́ni tó fi mí joyè náà. Mo kàn ra fèrè kan, mo fi kọ́rùn, làwọn ọ̀dọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Kóòṣì, orí mi sì wú. Tẹlifíṣọ̀n ló wá ba tèmi jẹ́. Mo máa ń wo bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, mo sì máa ń gbọ́ àríyànjiyàn wọn: bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù kan bá parí, tó lómìnira láti lọ síbi tó wù ú, ṣé kí ẹgbẹ́ rẹ̀ san ju ohun tó tọ́ sí i kó má baà lọ, àbí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀? Èmi ti mú ìhà tèmi. "Ẹ san án fún un!" ni mo máa ń pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Owó ọ̀hún kì í ṣe tèmi, ọ̀rọ̀ sì rọrùn lẹ́nu.

Wàsíù ni igi lẹ́yìn ọgbà ẹgbẹ́ wa. Ọlọ́kadà ni, ó sì ga débi pé bó bá gun ọ̀kadà rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ tó fi ń darí rẹ̀. Ìdíje kan ń bọ̀ láàárín àwa, Kuta àti Olúpọ̀nnà, àṣekágbá rẹ̀ sì bọ́ sí Sátidé tó ṣáájú Iléyá. Ibi tí mo ti ń ronú ife ẹ̀yẹ ni mo ti gbọ́ pé àwọn ará Olúpọ̀nnà ti ń bá Wàsíù sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Oorun dá lójú mi.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ Múfú. Oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni Múfú, òun ló kúrú jù nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, òun ló sì máa ń gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn wá bá Wàsíù níwájú.

"Kóòṣì, bó bá fẹ́ lọ, ẹ ṣàdúà fún un," ló wí. "Bó bá fẹ́ dúró, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ ẹ má lọ fi nǹkan rẹpẹtẹ bẹ̀ ẹ́ o. Bí ẹ bá fún ẹnì kan ní màlúù, kí lẹ fẹ́ sọ fáwa tá à ń mu omi inú ọ̀rá lẹ́yìn eré?"

"Ìwọ ò wo ti Amẹ́ríkà ni."

"Ti Ìwó ni mò ń wò, sà," ló dáhùn, ó sì tan kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Wàsíù wọlé wá, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Mo ní kí n wá sọ fún yín fúnra mi ni. Àwọn ará Olúpọ̀nnà pè mí. Wọ́n láwọn á ra bàtà fún mi, àwọn á sì ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ lórí àgbò tí mo fẹ́ mú lọ fáwọn àna mi ní Iléyá. Àmọ́ . . ."

"Má sọ àmọ́ fún mi!" Mo ti dìde. "Wọ́n á ràn ẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀? Díẹ̀ kẹ̀? Tẹ̀ lé mi."

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán . . ."

"Mo ní tẹ̀ lé mi!"

Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí àgbò wa wà. Ìyá Ròfíà, ìyàwó mi, ló fi èèpo iṣu àti èèpo gbágùúdá bọ́ ọ títí tí ìwo rẹ̀ fi ká bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í pè é lórúkọ, ó ní èèyàn kì í sọ ohun tó fẹ́ jẹ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí kì í kí i. Ọlọ́run ṣe é, tàbí kí n ní èṣù ṣe é, Ìyá Ròfíà ò sí nílé. Mo tú okùn, mo fi lé Wàsíù lọ́wọ́. "Mú un lọ fáwọn àna rẹ. Kí Olúpọ̀nnà wá fi bàtà wọn bá mi dọ́gba."

Wàsíù wo àgbò, ó wò mí. Ẹni tí wọ́n fún ní àgbò tí kò tọrọ, kí ló kù tí yóò sọ? Ó nà gbalaja sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé àgbò síwájú ọ̀kadà, àwọn méjèèjì sì lọ. Mo fọn fèrè tẹ̀ lé wọn. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Nígbà tí Ìyá Ròfíà dé tó bá ìdí igi tí à ń so àgbò mọ́ lófìfo, mo ní mo ti fi àgbò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kuta, kó lọ jẹ koríko tútù kọ́jọ́ tó pé. Ó wò mí títí. "Kuta," ló kàn sọ.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé mi ò bèèrè ibi tí àwọn àna ń gbé. Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn ògiri wa ni Wàsíù fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ròfíà ń gbálẹ̀, ó ń bá àwọn adìẹ sọ̀rọ̀, ni àgbò tó wà ní Kuta bá dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀. Àgbò tún dáhùn. Èmi tí mò ń fọ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé ọṣẹ ìfọyín mì. Ó so ìborùn, ó jáde, kò sì pẹ́ tó fi padà. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi wọ̀ọ̀.

"Mo ti dé láti Kuta o. Àgbò ń jẹ koríko dáadáa. Ààfáà ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n ní irú kóòṣì bíi tiyín ṣọ̀wọ́n."

Ta ló tó lọ tú àgbò lọ́gbà àna ọlọ́mọ? Bí mo bá gbà á padà, mo ti ba ti Wàsíù jẹ́ nìyẹn, ìtìjú ọ̀hún ò sì ní mọ sára rẹ̀ nìkan. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ròfíà ti ń bu oúnjẹ fún mi láìsí ẹran. Ó ní kí ọ̀fun mi tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ kọ́dún tó dé.

Ọ̀rọ̀ kì í wọ ọ̀kadà kó tó yí Ìwó ká. Ó dé etí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Wọn ò bá mi jà, ìbá dáa kí wọ́n bá mi jà. Lọ́jọ́ àṣekágbá, èrò kún pápá ilé ìwé, Olúpọ̀nnà dúró ní tiwọn, mo fọn fèrè mi láìnídìí. Bí bọ́ọ̀lù ṣe bọ́ sọ́wọ́ Múfú, ó gbé e lọ fún Wàsíù tọwọ́ méjèèjì, ó tẹrí ba, ó ní, "Alágbò, ó yá o," ó sì káwọ́ sẹ́yìn. Àwọn yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ gbé e fún Alágbò!" Wàsíù nìkan ń sáré, Wàsíù nìkan ń fò, ará Olúpọ̀nnà mẹ́ta ń so mọ́ ọn. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Kó tó di ìdajì eré, òógùn ti bo ojú rẹ̀.

"Ẹ gbá bọ́ọ̀lù!" mo kígbe.

"A ò tíì jẹ àgbò, sà!" Múfú fèsì. Ni gbogbo èrò pápá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Olúpọ̀nnà nà wá débi pé ẹni tó ń kọ àmì sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú wa. Mo bọ́ fèrè lọ́rùn, mo kì í bọ àpò.

Bí mo ṣe dé ìdí àkùkọ nìyẹn lọ́jọ́ Iléyá. Mò ń tu ìyẹ́ lọ́wọ́ ni Wàsíù wọlé pẹ̀lú abọ́ ńlá tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ọdún sà. Ẹ kú ọdún mà. Àwọn àna mi ní kí n gbé apá kan wá fún Kóòṣì." Apá àgbò ni. Àgbò tèmi. Wọ́n fi ẹran mi ta mí lọ́rẹ.

Ìyá Ròfíà gbà á, ó dúpẹ́, ó wá bi í léèrè pẹ̀lẹ́: "Wàsíù, ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ lọ Olúpọ̀nnà?"

"Rárá o, mà! Mi ò ní in lọ́kàn rí. Ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ wà n'Ìwó níbí, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Pé wọ́n pè mí àmọ́ mi ò lọ ni mo wá sọ fún Kóòṣì. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ni."

Ìyá Ròfíà wo àkùkọ ọwọ́ mi, ó wo apá àgbò, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀ràn tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ó dáa kéèyàn di ẹni tó mọṣẹ́ mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ jẹ́ kónítọ̀hún sọ bóyá ó tiẹ̀ ń lọ. Kó sì máa wo àwọn tí kò sọ pé àwọn ń lọ, torí àwọn náà ní ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọdún yẹn, Múfú ló lọ Olúpọ̀nnà. Wọn ò fún un ní nǹkan kan ju pé wọ́n mọ̀ pé òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù wá. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́, inú òun ò bí mọ́, ṣùgbọ́n kò padà. Ìyẹn dùn mí ju àgbò lọ. Bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, á fi fèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" fún mi, èmi náà á juwọ́ sí i.

Àgbò ọdún yìí ti wà nílẹ̀. Ṣéènì ni Ìyá Ròfíà fi so ó, àgádágodo wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà létí ìró rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá bọ́ ọ tán, á yọjú sí mi ní pálọ̀, á ní: "Kóòṣì, kò sẹ́ni tó ń lọ Olúpọ̀nnà lónìí?"