Ẹkún Akínlàbí Nílé Àna

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á lówe pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ta ni nínú yín ló mọ ẹni tó sunkún ọ̀hún? Ẹ má wò mí báyìí. Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí kọ̀mpútà tó dáyé. Irọ́ ni. Wọn ò sí ńbẹ̀.

Akínlàbí ló ń jẹ́, ọmọ Ṣakí. Ó fẹ́ Ọmọ́yẹni, Ọmọ́yẹni náà fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò gbà pé jíjókòó ti kọ̀mpútà jẹ́ iṣẹ́. Ó ní kí Akínlàbí gbé iṣẹ́ ọ̀hún wá kí òun fojú ara òun rí i. Bí òun bá rí i, òun á fún un lọ́mọ. Bí òun ò bá rí i, kò gbọdọ̀ tún fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà òun mọ́.

Iṣẹ́ wà o. Oṣù méje ni Akínlàbí ti ń kọ́ ìkànnì ayélujára kan tí àwọn àgbẹ̀ á ti máa pàtẹ iṣu wọn, tòun ti àwòrán ọgọ́rùn-ún oko. Kò tíì gbé e jáde fáráyé. Inú kọ̀mpútà rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna, ó dìde, ó ṣí kọ̀mpútà lórí tábìlì, ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Dípò iṣu, ìlà pupa mẹ́ta ló jáde.

Àyà rẹ̀ já. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọrọ ìyàwó rí, ẹ mọ irú ẹ̀rù tí mò ń wí. Ó pa kọ̀mpútà, ó tún un tàn. Ìlà pupa mẹ́ta. Ó ní bátìrì ló ń yọ òun lẹ́nu, bàbá fúnra rẹ̀ dìde lọ fa wáyà iná wá. Ìlà pupa mẹ́ta. Ó yọ ètò tó ń gbé ìkànnì náà ró kúrò, ó tún un fi sí i, pupa náà ò kúrò. Ó ń gbọ́ bí Ọmọ́yẹni ṣe ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì dá a lójú pé òun ti pàdánù rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán oko rẹ́ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, pé bóyá ọ̀kan nínú wọn ló ń fa wàhálà. Nígbà tí kò sí ohun tó tún lè pa rẹ́ mọ́, omijé bọ́. Ẹni tí wọ́n ní akin làwọn bí, ẹ wá wo bó ṣe ń sunkún sórí kọ̀mpútà.

Bàbá ò bínú. Ó mú awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó béèrè pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn.

"Kò sí nǹkan, sà. Ó kàn ń bú mi ni."

"Ṣé o ti kà á?"

Akínlàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo àwọn ìlà náà. Láti àárọ̀, kò tíì ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Bàbá gbé ìka lé e, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojúlé. "Ó ní òun wá fódà tó ń jẹ́ Ìdánwò, òun ò bá a nílé. Ta ni Ìdánwò?"

Ẹkún gbẹ lójú ọmọkùnrin. Fódà yẹn ni àpò tí gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, Ìdánwò ló sì ń jẹ́ títí di ọjọ́ Jímọ́, tí ojú ti Akínlàbí pé àna òun lè rí orúkọ yẹn kó ní ìdánwò lásán ni. Ó sọ ọ́ di Iṣẹ́-Gidi. Kò rántí sọ fún ìwé kékeré tó ń júwe ọ̀nà fún kọ̀mpútà.

"Ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ti kó lọ," ni bàbá wí, "o ò sì fi àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀."

Akínlàbí tún orúkọ náà kọ sínú ìwé kékeré náà, ìkànnì sì ṣí. Àkọlé jáde, àyè ọgọ́rùn-ún àwòrán jáde, gbogbo rẹ̀ ṣófo bí abà tí wọ́n ti kó iṣu inú rẹ̀ tà.

Bàbá wò ó títí. Ó ní òun gbà pé iṣẹ́ ni, nítorí ènìyàn kì í sunkún báyìí lórí eré. Kó lọ kó àwòrán oko rẹ̀ jọ padà, kó wá lẹ́yìn oṣù méje míì. Ọmọ́yẹni á dúró dè é.

"Bí o bá ń bọ̀, o lè sunkún wá," ni bàbá wí. "N kò ní kí ẹ̀rù má bà ọ́. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."