Idà Wúrà Kìnnìún Àgbáyé

Aago méjìlá ọ̀sán ti fẹ́ lù. Sájẹ́ǹtì jókòó sí yàrá kẹta ní àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ti pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Bí aago méjì bá lù tí kò sí olè nínú rẹ̀, ọ̀gá ti ní kó padà sídìí géètì, kó lọ máa ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkìlọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà: MÁ FÚN ẸNIKẸ́NI NÍ Ọ̀RỌ̀ AṢÍNÀ ÀKÁǸTÌ RẸ.

Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wọlé, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ láyà aṣọ, ìwé ìwọ̀n lábẹ́ apá.

"Ẹ káàsán, Màmá! Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìrìn. Ilé ńkọ́? Ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́?" Sájẹ́ǹtì fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ kò gbà fún un.

"Gbogbo wọn wà. Olè tí ẹ̀ ń wá, a ti rí i."

"Àwa wo?"

"Ẹgbẹ́ wa. Àwa tá a jọ ń ṣe géèmù ogun lórí fóònù."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ jòjòló fẹ́ ràn lọ́wọ́. "Màmá, iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré o. Olè yẹn gbọ́n. Á gba àkáǹtì èèyàn, á sọ ara rẹ̀ di onítọ̀hún, á wá máa fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ẹni mọ́kànlélógún ló ti fara gbá a. Èmi tí mo kàwé nípa rẹ̀, mi ò tíì rí ìrù ẹ̀."

"Àwa rí orí." Màmá fa àga, ó jókòó. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló dé sáàárín wa. Ó gbé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wọ̀ bí ẹ̀wù. Kìnnìún Àgbáyé."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì. Kò sí ẹni tó mọ̀, ní àgọ́ tàbí nílé, pé òun gan-an ni Kìnnìún Àgbáyé. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ ló wà," Màmá ní.

Ó jáde. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe Kìnnìún fúnra rẹ̀?"

"Kò kí wa."

"Torí pé kò kí yín?"

"Kìnnìún ò lè ṣe kó má kí èèyàn. Ogun á le, ọfà á máa fò, á ní, 'Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé.' Ibi tó bá ti ń kí wa la ti máa ń pa á."

"Ọmọlúàbí nìyẹn."

"Ọ̀dẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan kọ́. Olè náà tún mọ géèmù ṣe. Ó pa èèyàn mẹ́fà lójúmọ́ kan! Kìnnìún, odindi ọdún méjì, kò pa eṣinṣin. Gbogbo wa ló mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: olè nìyí!"

"Bóyá ó ti ń kọ́ ọ ni. Èèyàn lè tẹ̀ síwájú."

"Ta ló fẹ́ tẹ̀ síwájú? Lọ́jọ́ kan Kìnnìún sá fún ọ̀tá, ó kó sódò. Igi ni ọ̀tá ọ̀hún. Inú odò yẹn ni Abẹ́rẹ́-Iná, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, pa á sí."

"Aláìláàánú ni Abẹ́rẹ́-Iná yẹn. Odò yẹn sì jìn."

"Kí lo wí?"

"Mo ní... báwo ni olè ṣe gba àkáǹtì rẹ̀?"

"Ó kọ̀wé sí gbogbo wa: 'Fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ ránṣẹ́, kí o gba idà wúrà lọ́fẹ̀ẹ́.' Àwa ogójì la gbà á. Ẹnì kan ló dáhùn." Màmá gbójú sókè wo ìkìlọ̀ ara ògiri. "Ó tiẹ̀ tún dúpẹ́ lójú gbogbo wa."

Sájẹ́ǹtì sún àga rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èjìká rẹ̀ fi bo ìkìlọ̀ náà. Irú ìwé kan náà ló wà nínú fáìlì lọ́nà mọ́kànlélógún. Tẹni kejìlélógún ni kò sí níbẹ̀.

"A ò sọ fún olè pé a ti mọ̀," Màmá ń bá a lọ. "A ń yìn ín. A ní ó ti di balógun, pé aránṣọ ẹgbẹ́ máa rán ẹ̀wù fún un. Kó fi ìwọ̀n ara ẹ̀ ránṣẹ́, àti ibi tá a máa gbé ẹ̀wù wá."

"Kò lè gbà, Màmá. Olè tó gbọ́n tó yẹn!"

Màmá ṣí ìwé. "Àyà, mọ́kàndínlógójì. Ọwọ́, mẹ́rìnlélógún. Ojúlé kẹrìnlá, ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ní kí n má jẹ́ kó fún òun lábíyá."

Sájẹ́ǹtì fò dìde, ó gbá fìlà mú.

"Jókòó. Olùfisùn dà? Ìwọ lo máa ń wí i bó o bá ń jẹun: kò sí olùfisùn, kò sí ẹjọ́. Àkáǹtì Kìnnìún ni olè fi kọ àdírẹ́sì yìí. Kìnnìún ló máa fọwọ́ sí i pé wọ́n jí i."

"Bóyá ojú ń tì í, Màmá. Bóyá ó níyì níbi iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wà lórí géèmù. Ẹni mọ́kànlélógún ti wá jókòó síwájú rẹ, wọ́n ti sọ ìtìjú tiwọn. O ní kí wọ́n má sunkún."

Sájẹ́ǹtì wo fáìlì. Ó wo aago. Ó fa fọ́ọ̀mù olùfisùn kan yọ, ó kọ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì fi ìka kan tì í síwájú.

Màmá ṣí i, ó kà á. Ojú rẹ̀ kò yí padà. "O ò kọ iṣẹ́ rẹ."

Ó kọ ọ́: Ọlọ́pàá.

"Ẹ̀ka wo?"

Ó kọ ìyẹn náà. Ó pẹ́ kó tó parí rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Màmá."

"Ta ni mo tún mọ̀ tó máa kí èèyàn tán kó tó ta á lọ́fà? Lọ́jọ́ tó o wá tọrọ ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lo kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọbẹ̀ jóná."

Ojú Sájẹ́ǹtì wá bọ́ sórí abẹ́rẹ́ tó wà láyà aṣọ Màmá. "Abẹ́rẹ́-Iná?"

"Èmi ni."

"Ọdún méjì! Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń pa mí!"

"O rí i kí n bá ọ jà nílé láti ọdún méjì yìí?"

Sájẹ́ǹtì ronú sí i. Kò rí i. Ó dé fìlà, ó mú fáìlì, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ kú wàhálà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí àwọn ẹgbẹ́. Ẹ kú ìjókòó o—"

"Ọkọ ọmọ mi."

"Màmá."

"Bó o bá kan ilẹ̀kùn olè yẹn, má kí i."