Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Purvis Bọ́ Aṣọ

"Má da yìnyín yẹn nù." Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Mo ń fọ kúlà rẹ̀ lọ́wọ́. Òun wà lórí àga. Mo ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe, Bàbá?" Kò dáhùn. Mo rò pé oorun ni.

Lonzo Meeks lorúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ báyìí ná. Ẹkún ti pọ̀ jù nílé wa. Ọ̀rọ̀ Purvis ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀.

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, Thaddeus Purvis ló lẹnu. Mọ́tò àlòkù ló ń tà. Àmọ́ tí ẹ bá bi í níṣẹ́ rẹ̀, á ní òun ni Baba Ìsàlẹ̀ Gbogbo Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́jì Bascomb. Ta ló fi í joyè? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó kọ oyè náà sára fìlà, ó kọ ọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ sára ìgò omi. Wọ́n ní ó wà lára ṣòkòtò tó fi ń sùn náà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí sí ìyẹn, ìyàwó sì ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀.

Purvis Arógbá-wọlé! Purvis Akọ́kọ́-dé-ibi-oúnjẹ! Tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ yà fún ikùn rẹ̀ ná, òun náà á dé tó bá yá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tí a bá fẹ́ bá Tarver gbá bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ohun tó bá jẹ́ yẹ́lò ní Bascomb. Àwọ̀ àlùkò ni tiwa. Yẹ́lò ni ti àwọn ará Tarver tó wà lódìkejì afárá, àwọn tó ń pe ara wọn ní Agbọ́n. Lọ́sẹ̀ náà, mọ́sítáàdì, ọbẹ̀ yẹ́lò tí a fi ń jẹran, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ó jẹ funfun ẹyin, a ó ju pupa rẹ̀ sí ajá. Tí iná ojú títì bá di yẹ́lò, a ó dijú. Àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

Tiwa jẹ́ ṣeréṣeré. Purvis sọ ọ́ di òfin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ó gba pẹ́ńsù yẹ́lò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, ó kó wọn sápò. Ó ti ọwọ́ bọ inú tíì díákónì, ó yọ ọsàn wẹ́wẹ́ yẹ́lò tó wà níbẹ̀, ó sì fi jẹ. Ó wá lọ bá Màmá Earline, tó dàgbà jù láàárín gbogbo àwa tó ń pàgọ́ sí iwájú pápá lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù láti dáná, ká jẹ, ká mu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, eyín wúrà yín yẹn. Ẹ bá wa yọ ọ́ títí di ọjọ́ Àìkú."

Màmá yọ gíláàsì ojú wọn. "Thaddeus."

"Mà."

"Eyín yìí ti wà lẹ́nu mi kí tìẹ tó hù. Sún mọ́ bí, kí n fi gé ọ jẹ kó o mọ bó ṣe mú tó."

Kò sún mọ́ bẹ̀.

Ohun tí Purvis ń wá gan-an ni ààyè bàbá mi. Abẹ́ igi pékàn ni, létí ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn onífèrè ń gbà wọ pápá. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ń yan egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé. Ẹni tó bá ń kọjá, yóò jẹ. Ibẹ̀ náà ni kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń dúró sí. Ẹran ni Bàbá rí níbẹ̀. Purvis rí ojú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a sìnkú dé, ó wá kí mi. Ó gbé páì ànàmọ́ dání. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páì náà.

"Ọmọ Lonzo, a kú ara fẹ́ra kù. Ọ̀rẹ́ mi ni bàbá rẹ." Ó gé òmíràn. "Ààyè abẹ́ igi yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣé igi ń rìn ni? Ta ló máa jókòó síbẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ. Pẹ̀lú kí ni?"

"Ààrò Bàbá. Àga wọn. Kúlà wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ànàmọ́ fi gba imú rẹ̀ jáde. "Tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀, ìwọ ń sọ̀rọ̀ kúlà! Òkú kì í ní ààyè, ọmọ mi. Ibojì ló ní."

Ó jẹ páì tán. Ó gbé àwo rẹ̀ lọ.

Màmá Earline ló ń pín ààyè fún wa. Ó gbọ̀dọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn, ó sì lọ. Màmá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ààyè Lonzo, kó jáde ní Sátidé, kó wá gba omi."

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Tí a bá borí, àwọn agbábọ́ọ̀lù á da kúlà yìnyín lé kóòṣì lórí. Láàárín àwa tó ń pàgọ́ náà, ẹni tí a bá fún láyè, omi yìnyín la fi ń wẹ̀ fún un níwájú gbogbo èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe gba tirẹ̀. Ó ní eyín òun gbọ̀n títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù tán.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní tẹlifíṣọ̀n, mi ò ní oyè. Tí wọ́n bá gba abẹ́ igi yẹn, níbo ni mo tún fẹ́ lọ tí wọn á ti máa pè mí lọ́mọ Lonzo?

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Purvis gbé bọ́ọ̀sì dé.

Mi ò ní purọ́, ó rẹwà. Àwọ̀ àlùkò látorí dé táyà. Orúkọ PURVIS wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin ló fi ṣe é, ó kàn án mọ́ ọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Níbo lẹ ti rí i, ọ̀gá?"

"Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ṣe é fún mi. Ẹ̀dà rẹ̀ ò sí láyé."

Àmọ́ ẹ wò ó. Bí oòrùn ṣe wọ̀ báyìí, Purvis fi tapólì bo bọ́ọ̀sì náà bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ẹnìkan fẹ́ fọ ọwọ́ nítòsí rẹ̀, Purvis kígbe mọ́ ọn. Ajá kan gbẹ́sẹ̀ sókè lẹ́bàá táyà, ó lé e dé ẹ̀bá afárá. A rò pé ìfẹ́ ni. Òjò ò sì tíì rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ìwé.

Sátidé mọ́. Èéfín ti gba ojú ọ̀run. Mo ti dá iná Bàbá, mo ti kó yìnyín àti omi kún kúlà dé ẹnu. Purvis wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá sábẹ́ igi wa. Mo gbé àga Bàbá sẹ́yìn. Ó tún wà á wá síwájú. Mo tún gbé àga sẹ́yìn. Ó wá gun orí bọ́ọ̀sì tòun ti kóòtù funfun àti gbohùngbohùn lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará Bascomb! Ẹni tó bá fẹ́ rí olólùfẹ́ tòótọ́, kó gbójú sókè!"

A ti ń gbọ́ ohùn fèrè lókèèrè. Màmá Earline dé, wọ́n fọ̀pá tilẹ̀. "Ta ló fẹ́ ààyè Lonzo?"

"Èmi!" ni Purvis wí. Gbohùngbohùn náà dún wíìì.

"Èmi náà, mà," ni mo wí.

"Thaddeus ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kó gba omi tirẹ̀ ná."

Ikọ́ dédé mú Purvis. "Màmá, àyà ń dùn mí. Ife kan ti tó. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. N ó sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á."

"Ife kan!" Ẹnìkan kígbe láàárín èrò. "Ṣé oògùn lo fẹ́ fi mì ni?"

"Ẹ bá a fi ṣíbí wọ̀n ọ́n!"

Ibẹ̀ ni obìnrin tẹlifíṣọ̀n gbé kámẹ́rà rẹ̀ dé. "Ọ̀gá, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Òkè yẹn dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da odindi kúlà lé yín lórí, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń wò yín báyìí."

Purvis wo kámẹ́rà. Ó wo bọ́ọ̀sì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún wo kámẹ́rà. Mo rí i bí ọgbọ́n ṣe jáde lára rẹ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ látorí bọ́ọ̀sì, tó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

"Ẹ dà á!" ló wí. "Kí ọmọ Lonzo fọwọ́ ara rẹ̀ dà á. Kí ayé rí i pé ọwọ́ onílé ni mo ti gba ilé."

Ó dùn mí dé eegun. Mo wo Màmá.

"Dà á, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Má ṣahun."

Mo gbé kúlà Bàbá, mo gun àkàbà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ẹ kú oríire, sà." Mo dojú rẹ̀ dé.

Purvis pariwo bí ẹlẹ́dẹ̀ tó rí ọbẹ. Omi gba orí rẹ̀, ó gba kóòtù, ó gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì lọ sílẹ̀. Níbi tó gbà, àwọ̀ àlùkò bá a lọ. Ilà kan kọ́kọ́ yọ. Ilà náà jẹ́ yẹ́lò. Ó di méjì, ó di mẹ́wàá. Ìyẹ́ kan yọ. Ojú kan yọ. Ẹ̀gún ìdí kan yọ, ó gùn tó ilẹ̀kùn. Agbọ́n ńlá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ń wò wá. Irin orúkọ PURVIS wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò yẹ̀.

Bí irọ́ bá wọ bọ́ọ̀sì fún ogún ọdún, òtítọ́ á fẹsẹ̀ rìn bá a ní ìdíkọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹni tó ń fọn fèrè ńlá gbé ohùn mì. Èrò hó yèè. Purvis ò rí nǹkan kan látòkè. Ó rò pé ìyìn ni. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń jó.

"Ẹ ṣé! Mo gbọ́ o! Ẹ tún hó!"

A tún hó.

"Thaddeus," ni Màmá Earline wí, "ṣé eyín tèmi náà lo ní kí n yọ?"

Àwọn ará Tarver kan ń kọjá lọ sí pápá nínú aṣọ yẹ́lò wọn. Wọ́n dúró. Ọ̀kan nínú wọn ju oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Bọ́ọ̀sì Leon rèé! Bọ́ọ̀sì wa!"

"Leon ní òun tà á lówó pọ́ọ́kú fún ará Bascomb kan tó fi ìbòjú bojú!"

"Ọmọ wa, ta ló fi ìdọ̀tí kùn ọ́ báyìí?" Ọ̀kan nínú wọn dì mọ́ táyà rẹ̀, ó fẹnu ko iná iwájú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Purvis tẹ̀ síwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì. Ó wo kóòtù rẹ̀: funfun lókè, àlùkò nísàlẹ̀.

"Iṣẹ́ ọ̀tá ni! Kì í ṣe tèmi!"

"Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀, sà," ni obìnrin tẹlifíṣọ̀n wí. "Irú ọ̀dà wo ni wọ́n fi kùn ún ní ilé iṣẹ́ ńlá yẹn?"

Ọ̀dà táwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ̀wé sára gíláàsì mọ́tò ni. Gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Tí omi bá kàn án, ó parí.

Àwọn ará Tarver ti gun òkè lọ bá a. Wọ́n dé e ní fìlà yẹ́lò. "Bàbá, ẹ káàbọ̀ sílé! Ẹ má bínú pé ẹ pẹ́ láàárín àwọn oníranù yìí!"

Purvis já sínú bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. "Ẹ dá pẹ́ńsù wa padà!" Ó sọ pẹ́ńsù jáde lójú fèrèsé bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fádìyẹ. Wọ́n ti dí gbogbo títì nítorí bọ́ọ̀lù. Ọ̀nà afárá nìkan ló ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Baba Ìsàlẹ̀ Gbogbo Olólùfẹ́ Bascomb ṣe gba ọ̀nà Tarver lọ, Agbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ará Tarver lórí, wọ́n ń kọrin fún un. Kámẹ́rà tẹ̀ lé e dé òpin ojú.

Màmá Earline nawọ́ ọ̀pá sí àga Bàbá. "Jókòó."

"Omi ti tán, mà. Mo ti lò ó lórí Ọ̀gá Purvis."

Màmá ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ kúlà. Wọ́n mú ẹyọ yìnyín kan, wọ́n jù ú sínú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo fò sókè, mo ké. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín.

"Ó tán," ni Màmá wí. "Ààyè rẹ nìyẹn. Ẹran dà?"

Bí bọ́ọ̀lù ṣe lọ, ẹ lọ bi àwọn ará Tarver, tí wọ́n bá ṣì lè fọhùn.

Gbogbo èèyàn ti lọ tán. Mo ká àga Bàbá. Ọ̀dà àlùkò ta sí ìdérí kúlà rẹ̀, mo fi àkísà nù ún. Yìnyín díẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Mo fẹ́ dà á sínú koríko. Mi ò dà á. Mo gbé e lọ sídìí ààrò, mo fi ọwọ́ bù ú sórí èédú díẹ̀díẹ̀. Ó ń dún ṣìì. Mo dúró tì í títí iná fi kú.