Aṣípa Tí Kò Fẹ́ Àmì

Bí wọ́n bá ń ka àwọn ọdẹ Ìgbó-Ọrà tí wọn kò dárúkọ Adéníran, ẹ má bínú sí wọn. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọdẹ ni. Bí táyà bá bẹ́ lójú títì, abẹ́ tábìlì ni wọn yóò ti fà á jáde. Àmọ́ tó bá di ti ẹran ìgbẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ fún un. Bí ẹnì kan bá ń yan òyà ní Ìdèrè, Adéníran Afimúdọdẹ, Balógun ìdí ìkòkò, yóò ti rántí lójijì pé ó pẹ́ tí òun ti kí àwọn ará ibẹ̀.

Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti sọ ẹran di ohun tí à ń fojú jẹ. Àwọn ọdẹ ń wá Aṣípa tuntun. Oyè náà kò ní owó oṣù, ṣùgbọ́n ó ní itan: ọdẹ yòówù tó bá pa ẹran ńlá, itan kan di ti Aṣípa. Bí Adéníran ṣe gbọ́ itan, itọ́ kún un lẹ́nu.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ilé Àpèkẹ́ ni oyè kàn. Obìnrin ni Àpèkẹ́ yìí, kò sì sí ọkùnrin tó jẹ́ bá a dán ìbọn wò láyé ìgbà tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí ní kí ó yan ọkọ mìíràn nínú wọn, ṣakabùlà olóògbé ló gbé lé èjìká, ó ní òun ti yan tòun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìbọn náà ń dún kí èèyàn tó tún un kì, nítorí náà ìyá kì í tàsé. Ó máa ń sọ pé ẹkùn kì í ní sùúrù títí èèyàn yóò fi tún ìbọn kì. Ẹkùn tó sọ ọ̀nà Tápà di ahoro, ọta kan ló gbà.

Ẹni tí ìbọn Àpèkẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì lè fi oríkì ìyá kí i lójú agbo, òun ni àrólé. Ọwọ́ Mùínàt ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àmínà, tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìdèrè, ni ìbọn wà. Adéníran wọ aṣọ, ó di ilé rẹ̀.

"Ìyá Àmínà, ṣé ẹ ti gbọ́? Ọlọ́pàá ń bọ̀ wá yẹ ilé dé ilé wò. Ìbọn tí kò bá ní láísẹ́ǹsì, àti ìbọn àti olówó rẹ̀, àtìmọ́lé ni!"

"Háà! Bàbá Fọlábí, ìbọn ìyá mi àgbà tí ò dún láti ogún ọdún?"

"Ṣé ọlọ́pàá ló máa bi í bóyá ó ń dún? Ẹ gbé e wá, kí n bá yín fi pamọ́. Ẹ tún sọ oríkì Màmá fún mi, kí n lè máa fi kí i tí mo bá ń nù ún."

Mùínàt gbé ìbọn fún un, ó ki oríkì náà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Adéníran yọ bírò, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tíṣà Salome, aládùúgbò tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, yọjú wò ó.

"Bàbá, ẹ ò fi àmì sí i."

"Àmì kí ni? Èyí tó dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lórí ìwé? Tíṣà, ọmọ Yorùbá tó bá rí ọ̀rọ̀, á mọ ohun tó ń kà!"

Oṣù mẹ́ta kọjá. Mùínàt lọ gba ìbọn.

"Ìbọn wo?" ni Adéníran wí. "Ìbọn ìyá tó bí bàbá mi?"

Mùínàt káwọ́ lérí, ó sunkún délé. Kì í ṣe oyè ló ń wá. Ìyá àgbà kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún un, ibi tí ọwọ́ ìyá máa ń wà lára ìbọn náà ṣì ń dán. Inú bí i, ó sì dùn ún gan-an.

Adéníran olóyè ọ̀la ò tiẹ̀ rí ti ẹkún rò. Ó ti ri pátákó onírin mọ́lẹ̀ síwájú ilé, ó fi sìmẹ́ńtì dì í kí olè má baà hú u: OLOYE ADENIRAN, ASIPA ODE. Akunlé bi í bóyá kí òun fi àmì sí i, ó ní kí ó má ba ọ̀dà òun jẹ́.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọdẹ pé jọ sí àgbàlá Olúọdẹ Búrẹ́mọ̀. Adéníran dé nínú aṣọ ọdẹ tí kò rí ẹ̀gún rí, ó tẹ́ ìbọn sórí ẹní. Mùínàt kúnlẹ̀, ó rojọ́ tirẹ̀.

Olúọdẹ ní, "Ìbọn mọ ilé rẹ̀. Adéníran, kí i."

Adéníran gbé awò ojú wọ̀, ó ṣí ìwé. Ohùn Mùínàt ti kúrò létí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹran nìkan ló kù lọ́kàn rẹ̀, ẹni tí ẹran bá sì wà lọ́kàn rẹ̀, ẹran ni yóò kà.

"Àpèkẹ́, ìyá tó fi ìbọn ṣe ọkọ́!"

Ọdẹ kan ní, "Ìbọn ni ìyá fi ń kọ ebè ni?"

"Igbá ẹran ló gbé wọ̀lú!"

"Háà! Ó tún ti di ẹni tó ń kiri ẹran!"

Adéníran rò pé wọ́n ń gbóríyìn fún òun ni. Ó gbé ohùn sókè:

"Kì í fi ẹtu ṣòfò!" Èyí wọ̀ ọ́ lára débi pé ó fi tirẹ̀ kún un: "Títí dórí egungun!"

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Olúọdẹ nu omi ojú. "Adéníran, oríkì ìyá wa lò ń kà ni, àbí ọbẹ̀ lò ń bù?"

Mùínàt kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò mú ìwé lọ́wọ́.

"Àpèkẹ́, ìyá tó fi ìbọn ṣe ọkọ,
Igba ẹran ló gbé wọ̀lú,
Kì í fi ẹ̀tù ṣòfò!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọdẹ ṣí fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúọdẹ gbé ìbọn, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Obìnrin ló ni ín tẹ́lẹ̀," ló wí. "Aṣípa, dìde."

Nígbà tí Adéníran fi máa délé, èrò ti pé sídìí pátákó rẹ̀, wọ́n ń kà á sókè: "Olóyè Adéníran, Aṣípa Ọ̀dẹ̀!" Ó fà á, ó mì ín, sìmẹ́ńtì kò gbọ́. Ló bá sáré lọ fa Tíṣà Salome wá.

"Tíṣà, ẹ gbà mí! Ẹ bá mi fi àmì sí i, kí wọ́n lè kà á bó ṣe yẹ."

Salome wo pátákó náà. "Bàbá Fọlábí, ọdẹ kì í gba àmì lórí. Ọ̀dẹ̀ ló ń gbà á."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i, á mọ ohun tó ń kà."